Gbígbé díìṣì tẹlifíṣàn sí ilé abà ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Arówómọlé (olùbéèrè)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín o. A ní ilé kékeré kan ní abà wa lójú ọ̀nà Ìkòyí, níbi tí èmi àti ìdílé mi máa ń lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí a sì máa ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Bàbá mi, tí wọ́n ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ni wọ́n fẹ́ràn ibẹ̀ jù nítorí oko kaṣú wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ kí ìròyìn NTA ti aago mẹ́sàn-án alẹ́ fo àwọn dá, àwọn ọmọ náà kò sì fẹ́ kí bọ́ọ̀lù òpin ọ̀sẹ̀ kọjá wọn. Mo fẹ́ gbé díìṣì síbẹ̀ kí òjò tó fìdí múlẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ibi tó yẹ kí díìṣì náà dúró sí, nítorí pé páànù ilé náà ti pẹ́, ó sì ti ń dógùn-ún. Bóyá mo lè máa gbé dẹkódà tí à ń lò nílé lọ síbẹ̀. Àti bí n óò ṣe dáàbò bo gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ àrá, nítorí pé láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, kò sí ẹni tó ń sùn nínú ilé náà.

Oníṣẹ́ Díìṣì, Tákíé

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá, sà. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ojú ọ̀run láti inú àgbàlá yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń ra díìṣì àti wáyà tán kí wọ́n tó rí i pé igi ẹnìkejì ló dí ọ̀nà, igi tí wọn kò sì láṣẹ láti gé.

Sátẹ́láìtì tí DStv fi ń ránṣẹ́ sí Nàìjíríà wà lókè ìlà tó pín ayé sí méjì, ní dígírì 36 sí ìlà-oòrùn, ó sì fi nǹkan bí kìlómítà 35,786 ga sí ilẹ̀. Nítorí pé òun àti ayé jọ ń yí ní ìwọ̀n kan náà ni, ojú kan ṣoṣo ló máa ń wà tọ̀sán-tòru, ìdí sì nìyí tí díìṣì tí a bá ti dè dáadáa kò fi ní í nílò kí ẹnikẹ́ni tún máa yí i kiri. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, dígírì 103 lórí kọ́ńpáàsì ni ẹ óò kọjú sí, ìyẹn ni pé ẹ óò kọjú sí ìlà-oòrùn gan-an, ẹ óò wá yà sí apá gúúsù ní ìwọ̀n dígírì 13. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa yóò rántí pé Ọ̀fà wà ní ìlà-oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́, àti pé Ìkìrun yà sí gúúsù díẹ̀. Àárín ìlú méjèèjì ni kí ojú yín wà. Bí ará Ọ̀yọ́ kan bá ń ka èyí, tiyín jẹ́ nǹkan bí dígírì 102, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọ̀nà tí Ẹdẹ wà mu. Ní ti gíga, dígírì 52 ni sátẹ́láìtì náà fi ga sókè ilẹ̀ ní ìlú méjèèjì, èyí tó ju ìdajì ọ̀nà láti ìsàlẹ̀ ọ̀run dé àtàrí lọ díẹ̀.

Gíga yìí ni yóò sọ igi tó lè dí yín lọ́wọ́ àti èyí tí kò lè ṣe nǹkan kan. Ẹ wo bí igi náà ṣe ga ju ibi tí díìṣì yóò wà lọ, kí ẹ pín gíga yẹn sí ọ̀nà mẹ́wàá. Ó kéré tán, ìdá mẹ́jọ nínú rẹ̀ ni igi náà gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí díìṣì. Mángòrò tó bá fi mítà 10 ga ju díìṣì lọ gbọ́dọ̀ jìnnà tó mítà 8, kí ẹ sì tún fi mítà méjì tàbí mẹ́ta kún un, nítorí pé ẹ̀ka ń tàn. Igi tó wà ní ìwọ̀-oòrùn tàbí àríwá ilé kò kàn yín rárá, bó ti wù kó tóbi tó. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá gbin tíìkì tàbí mẹ̀línà sí apá ìlà-oòrùn yín, bí wọn ò tiẹ̀ ju orúnkún lọ lónìí, ẹ fi wọ́n sínú ìṣirò, nítorí pé igi méjèèjì yìí máa ń tètè ga.

Olùkọ́ Físíìsì, Ọ̀yọ́

Ohun tí ẹ̀gbọ́n wa láti Tákíé sọ péye. Mo fẹ́ fi ọ̀nà kan kún un tí kò náni lówó, tó sì dájú ju kọ́ńpáàsì lọ. Ní nǹkan bí ọjọ́ 17 oṣù Kẹta, àti ní nǹkan bí ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, oòrùn máa ń gba ẹ̀yìn sátẹ́láìtì yìí kọjá gan-an bí a bá ń wò ó láti agbègbè wa, láàárín aago mẹ́wàá sí aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀. Bí ẹ bá ri igi gígùn kan mọ́lẹ̀ ní wákàtí yẹn, ní ibi tí ẹ fẹ́ kí díìṣì wà, tí oòrùn sì ń tàn sí orí rẹ̀ kedere, ọ̀nà là. Bí òjìji ẹ̀ka bá bọ́ lé orí rẹ̀, ẹ̀ka náà ni yóò dí ìgbì lọ́nà, ẹ ò sì nílò kí ẹnikẹ́ni wá fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n fún yín. Láàárín ọjọ́ mélòó kan tó yí àwọn ọjọ́ méjì yìí ká, àwòrán tẹlifíṣàn pàápàá lè dá wáí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ní wákàtí náà, nítorí pé ooru oòrùn bo ohùn sátẹ́láìtì mọ́lẹ̀ nínú díìṣì. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò gun àkàbà lọ tú díìṣì tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ fi í sílẹ̀, yóò padà fúnra rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ kọ́ńpáàsì inú fóònù ni ẹ máa lò, ẹ má dúró sí ìdí òpó irin, abẹ́ páànù tàbí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, nítorí pé irin máa ń fa abẹ́rẹ́ rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ sún sẹ́yìn ní mítà mélòó kan, kí ẹ wá ohun kan tó wà lọ́nà jíjìn ní dígírì 103, bóyá igi ọ̀pẹ tàbí orí òkè kan, kí ẹ sì wá fi ohun yẹn ṣe àmì nígbà tí ẹ bá padà sí ìdí òpó.

Ohun kan tún wà tó máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Díìṣì tí à ń lò nílé, èyí tó gùn lóròó díẹ̀ ju bó ṣe fẹ̀ lọ, tí apá tó gbé LNB (ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ìgbì níwájú díìṣì) dúró sì yọ láti ìsàlẹ̀ rẹ̀, kì í gba ìgbì láti ọ̀ọ́kán ibi tí ojú rẹ̀ kọ sí. Ibi tó ga ju ibẹ̀ lọ ló ń wò, ní ìwọ̀n dígírì 20 sí 26 gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe é ṣe fẹ́ kó rí. Nítorí náà, bí sátẹ́láìtì tilẹ̀ ga tó dígírì 52, díìṣì náà kò ní sùn sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀. Yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán, pẹ̀lú ìfarati sẹ́yìn tí kò ju nǹkan bí dígírì 32 lọ. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ẹ̀yìn díìṣì ti ṣe ìṣirò yìí tẹ́lẹ̀. Ẹ fi sí 52, kí ẹ sì gbà á gbọ́, bí òpó bá ti dúró gbọingbọin láìfì sí ibì kan.

Ará Àwẹ́

Èmi fara mọ́ orí òrùlé, ẹ jọ̀wọ́. Lábà, ewúrẹ́ máa ń fara ha òpó, àwọn ọmọdé máa ń fi wáyà ṣeré, ẹni tí kò sì ní láárí lè ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà na ọwọ́ yọ LNB lọ láàárín ọ̀sẹ̀. Ohun tó bá wà lókè ní í pẹ́. Bí páànù bá ti dógùn-ún, ẹ pààrọ̀ páànù mẹ́ta tàbí mẹ́rin níbi tí díìṣì máa wà, kí ẹ sì kan ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ igi ìrólé.

Bíríkìlà Òkèlẹ́rìn

Ẹ̀gbọ́n mi láti Àwẹ́, ẹ má bínú, n kò lè fọwọ́ sí èyí fún ilé tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Díìṣì sẹ̀ǹtímítà 90 jẹ́ ohun tí afẹ́fẹ́ máa ń rí tì dáadáa. Bí afẹ́fẹ́ bá sáré tó kìlómítà 90 ní wákàtí kan, èyí tí afẹ́fẹ́ ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò wa lè ṣe, ipá tó fi ń ti díìṣì náà yóò sún mọ́ ìwúwo kílógíráàmù 30, kì í sì í tì í lẹ́ẹ̀kan. Ńṣe ni yóò máa mì ín síwá sẹ́yìn títí ìṣó á fi fẹ ihò páànù. Ní ìgboro, ẹ máa gbọ́ ariwo rẹ̀ ní òru, ẹ ó sì ṣe nǹkan sí i ní ọjọ́ kejì. Lábà, òjò á ti rọ̀ sínú yàrá láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ kò ní mọ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì. Díìṣì tó sọnù ṣeé rà, àjà tó ti jẹrà lórí ibùsùn bàbá ni ìnáwó gidi.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má kàn án mọ́ ògiri bí ilé náà bá jẹ́ ilé alámọ̀ tí wọ́n kàn fi símẹ́ńtì rẹ́ lójú. Símẹ́ńtì tó wà lójú rẹ̀ kò nípọn ju ìka kan lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, bóòtì kò ní rí nǹkan dì mú. Ilé búlọ́ọ̀kù nìkan ni mo lè gbà fún, níbi tí bóòtì yóò ti wọnú kọnkéré orí fèrèsé.

Òpó inú ilẹ̀ ni kí ẹ ṣe, ní apá ìlà-oòrùn ilé, kí òrùlé fúnra rẹ̀ má baà dí i lójú. Ẹ ra páìpù irin oníǹṣì méjì tí kò ní í dógùn-ún, kí ẹ ní kí wẹ́dà jó irin kékeré méjì mọ́ ìdí rẹ̀ ní ìbú, kí afẹ́fẹ́ má baà lè yí òpó náà nínú kọnkéré. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 75, tó sì fẹ̀ tó 40. Ẹ po símẹ́ńtì kan, iyanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Bí ẹ bá ti da kọnkéré náà tán, ẹ gbé sípíríìtì (irinṣẹ́ tó ń fi hàn bóyá nǹkan dúró tọ́) lé ara òpó ní apá iwájú, kí ẹ tún gbé e lé e ní ẹ̀gbẹ́, nítorí pé òpó lè tọ́ lójú kan kó sì wọ́ lójú kejì. Ẹ so ó mọ́ igi mẹ́ta kó má baà sún, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ títí di òpin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí ẹ tó gbé díìṣì lé e. Ẹ fi nǹkan dí ẹnu páìpù lókè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi òjò á máa dúró sínú rẹ̀, agbọ́n náà á sì kọ́lé síbẹ̀.

Ní ti ewúrẹ́ àti olè tí ẹ̀gbọ́n mẹ́nu bà, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí òpó náà ga tó mítà méjì ààbọ̀ sókè ilẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀gún tàbí wáyà yí ìdí rẹ̀ ká, kí ẹ sì mú wáyà díìṣì gba inú páìpù rọ́bà láti orí dé ilẹ̀, kí ọwọ́ ọmọdé má baà kàn án.

Ọmọ Arówómọlé (olùbéèrè)

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́ ni lóòótọ́, nítorí náà òpó inú ilẹ̀ ni mo gbà. Mángòrò kan wà lápá ìlà-oòrùn, àmọ́ ó jìnnà ju bí ẹ ṣe ṣàlàyé lọ. Láti ibi tí mo fojú sí, wáyà tó máa wọ pálọ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí mítà 18. Ṣé ìyẹn kò pọ̀ jù? Báwo ni ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ yóò sì ṣe mọ̀ pé díìṣì ti bọ́ sójú ọ̀nà tó tọ́?

Oníṣẹ́ Díìṣì, Tákíé

Mítà 18 dára, sà. Ìgbà tí ó bá ń kọjá mítà 30 ni a tó ń bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Wáyà tí wọ́n ń pè ní RG6 ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì rí i pé bàbà ni àárín rẹ̀ látòkè délẹ̀, kì í ṣe irin tí wọ́n fi bàbà bò. Ẹ ní kí òǹtajà jẹ́ kí ẹ fi ọ̀bẹ ha á. Bí inú rẹ̀ bá funfun, irin ni, ooru àti òjò abà kò sì ní í jẹ́ kó pẹ́. Ẹ ra wáyà kan ṣoṣo tó gùn tó, ẹ má ṣe so méjì pọ̀ ní àárín ọ̀nà.

Omi ló ń ba LNB àti wáyà jẹ́ ju ohun mìíràn lọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dé orí wáyà mọ́ LNB, ẹ fi téépù rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ wé ibẹ̀, láti ìsàlẹ̀ sókè. Níbi tí wáyà yóò ti wọlé, ẹ jẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó tún gòkè wọ ihò ògiri, kí omi lè máa kán sílẹ̀ níbi tó rẹlẹ̀ jù dípò kó tẹ̀lé wáyà wọlé lọ bá dẹkódà.

Ní ti wíwá sátẹ́láìtì, bí ẹ kò bá ní mítà tí àwa oníṣẹ́ fi ń wá ìgbì, ẹ gbé tẹlifíṣàn kékeré àti dẹkódà wá sí ìdí òpó, kí ẹ ṣí ojú ewé tó ń fi bí ìgbì ṣe ń wọlé hàn. Ìlà méjì ni ẹ óò rí níbẹ̀, ọ̀kan ń sọ agbára ìgbì, èkejì ń sọ bó ṣe mọ́ tó. Ẹ má gbára lé ìlà agbára nìkan, nítorí pé ó lè ga nígbà tí díìṣì ń wo ibi tí kò sí nǹkan kan, torí ariwo tí LNB fúnra rẹ̀ ń pa. Ìlà kejì ni ẹ̀rí. Ẹ fi gíga sí 52, ẹ de bóòtì rẹ̀ ṣùgbọ́n kó má le jù, kí ẹ wá máa yí díìṣì láti apá òsì sí ọ̀tún ní ìwọ̀n tí kò ju ìdajì fífẹ̀ ìka kan lọ ní etí rẹ̀, kí ẹ sì máa dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìyípo kọ̀ọ̀kan kí dẹkódà lè rí àyè ròyìn. Ìkánjú ló ń mú kí ènìyàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìmọ̀. Bí ìlà kejì bá ti yọ, ẹ wá ibi tó ga jù ní ìbú, ẹ tún wá a ní òró, kí ẹ tó wá fún gbogbo bóòtì le.

Ó ku LNB fúnra rẹ̀. Ẹ yí i nínú ìdè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa wo ìlà kejì. Ìwé tó wà nínú páálí díìṣì sábà máa ń fi LNB tó yí díẹ̀ hàn, nítorí pé fún àwọn orílẹ̀-èdè tó jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, yíyí náà lè tó dígírì 75 fún sátẹ́láìtì yìí. Kí ẹ̀rù má bà yín bí ẹ bá rí i pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sí ẹ̀gbẹ́.

Màmá Ilé Oko

Ọmọ mi, wọ́n ti dáhùn ọ̀rọ̀ òpó àti wáyà fún ọ. Jẹ́ kí n sọ ti dẹkódà, nítorí pé ilé oko làwa náà máa ń wà ní òpin ọ̀sẹ̀.

Máa gbé dẹkódà ilé lọ, kí o sì máa gbé e bọ̀. Owó oṣù tí a ń san kì í wo iye ọjọ́ tí a fi wò ó. Bí o bá ra dẹkódà kejì fún abà, owó odidi oṣù ni wàá máa san nítorí ọjọ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Bí bàbá bá máa ń dá dúró síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, ra tiwọn fún wọn. Ra wáyà iná àti wáyà HDMI mìíràn tí yóò máa gbé abà, kí ó lè jẹ́ dẹkódà àti rìmóòtù nìkan ni wàá máa gbé. Ṣùgbọ́n wo irú dẹkódà tí o ní kí o tó ra LNB, nítorí pé èyí tó ń gba eré sílẹ̀, bíi Explora, nílò LNB tó yàtọ̀ sí ti dẹkódà kékeré.

Bí o bá débẹ̀ tí ó kọ E48-32, ìgbì ni kò wọlé: yẹ orí wáyà wò lẹ́yìn dẹkódà, kí o sì lọ wo LNB níta. Bí ó bá jẹ́ E16 ló kọ, díìṣì rẹ kò ṣe nǹkan kan, ọ̀rọ̀ owó oṣù ni, tàbí pé o ti san án nígbà tí dẹkódà wà ní pípa. Tàn án, fi í sí ojú ìkànnì kan, kí o sì fún un ní àkókò kí àṣẹ lè dé bá a láti ojú ọ̀run. Nítorí èyí, sanwó nílé ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí dẹkódà bá wà ní títàn, kí o tó gbéra.

Nígbà tí ẹ bá ń padà ní ọjọ́ Àìkú, má fi wáyà díìṣì sílẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Eku máa ń jẹ ẹ́. Ká a, fi kọ́ ògiri, kí o sì fi ọ̀rá dé ẹnu rẹ̀, nítorí pé èèrà àti ọmọńlé máa ń wá ibi tó gbẹ wọ̀. Bí ẹ bá padà dé ní ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ tó tan ohunkóhun, jẹ́ kí ẹnì kan wo iwájú LNB bóyá agbọ́n ti fi amọ̀ mọ ilé sí i. Agbọ́n wọ̀nyí kì í pẹ́ kọ́lé tán, mo sì bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí ọmọdé ló máa lọ wò ó. Lẹ́yìn ọyẹ́, fi àkísà tútù nu eruku kúrò lójú díìṣì àti lójú LNB.

Oníná, Sábó

Mo ti ń dúró kí ẹnì kan dárúkọ àrá, nítorí pé òun ni mo kà sí pàtàkì jù fún ilé tó wà lójú gbalasa. Ìjì tó ń sán àrá jù ní agbègbè wa máa ń wá ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ní oṣù Kẹta àti Kẹrin, àti nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá.

Iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, ẹ ṣe méjèèjì. Èkíní, ẹ so òpó díìṣì pọ̀ mọ́ ilẹ̀: ẹ gbá irin ẹ́ẹ̀tì tó gùn tó mítà kan ààbọ̀ wọlẹ̀ ní ìdí òpó, kí ẹ sì fi wáyà bàbà tó nípọn, tó lọ tààrà láìlọ́, so wọ́n pọ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ wa máa ń gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí irin ẹ́ẹ̀tì kò fi ní í ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí náà ibi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn sí ló dára jù fún un, bí kò bá jìnnà. Èkejì, ẹ mọ̀ dájú pé ẹ́ẹ̀tì kò lè dá àrá tó bá já lu òpó gan-an dúró. Ohun tó lè gba tẹlifíṣàn là ni pé kí wáyà díìṣì àti wáyà iná má wà lára rẹ̀ rárá nígbà tí àrá bá dé. Pípa á ní orí swíìṣì kò tó. Ẹ yọ méjèèjì ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọ̀run mọ́ kedere nígbà tí ẹ ń lọ, nítorí pé ojú ọ̀run ọjọ́ Àìkú kò sọ ti ọjọ́rú. Bí òjò bá ṣú nígbà tí ẹ wà nílé, ẹ yọ ọ́ kí àrá tó sún mọ́ tòsí, kì í ṣe ìgbà tó bá ń sán lórí yín ni kí ẹ máa di wáyà mú.

Ní ti iná, tẹlifíṣàn LED oníǹṣì 32 àti dẹkódà kì í jẹ ju nǹkan bí wáàtì 70 lọ pa pọ̀. Wákàtí márùn-ún lálẹ́ jẹ́ 350 wáàtì-wákàtí. Bátìrì 12 fóòltì tó jẹ́ 100 ámpíà-wákàtí ní 1,200 wáàtì-wákàtí nínú, ìdajì rẹ̀ sì ni kí ẹ máa lò bí ó bá jẹ́ bátìrì olómi tàbí jẹ́ẹ̀lì, kó lè pẹ́. Pánẹ́ẹ̀lì sólà wáàtì 100 yóò tó yín, nítorí pé ọjọ́ márùn-ún ló fi ń kún bátìrì láìsí ẹni tó ń lò ó. Mo gbà yín nímọ̀ràn yìí ju jẹnẹrétọ̀ lọ, nítorí ariwo tí bàbá kò ní fẹ́, àti nítorí pé iná jẹnẹrétọ̀ kékeré máa ń lọ sókè sódò nígbà tí epo bá ń tán.

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH

Ẹ kú ìṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ṣé GOtv kò ní rọrùn jù gbogbo wàhálà yìí lọ? Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ṣé kò sí èyí tí a lè wò láìsanwó oṣù?

Oníṣẹ́ Díìṣì, Tákíé

Àbúrò, orí òpó gíga tó wà nílẹ̀ ni ìgbì GOtv ti ń wá, kì í ṣe láti ojú ọ̀run, nítorí náà òkè àti ọ̀nà jíjìn lè dá a dúró. Bí aládùúgbò kan lábà náà bá ń lò ó tí ó ń mú dáadáa, ó rọrùn lóòótọ́. Bí kò bá sí ẹni tó ń lò ó níbẹ̀, ẹ yá ti ẹnì kan lọ dán an wò kí ẹ tó rà.

Ní ti èyí tí a kì í sanwó oṣù fún, Astra 2F, tí wọ́n gbé lọ sójú ọ̀run ní 2012, ń tan ìgbì kan sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti dígírì 28.2 sí ìlà-oòrùn. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, dígírì 108 lórí kọ́ńpáàsì ni, gíga rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 60, èyí tó mú kó rọrùn fún ẹni tí igi yí ilé rẹ̀ ká. Dẹkódà tí kò lo káàdì ni ẹ óò rà fún un. Àwọn ìkànnì ọ̀fẹ́ máa ń wá, wọ́n sì máa ń lọ, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè èyí tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wò ó lọ́wọ́lọ́wọ́. Fún ẹni tó ń wá bọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè, n kò rò pé ó lè tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ọmọ Arówómọlé (olùbéèrè)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ̀gbọ́n, ó ku ẹyọ kan: ṣé díìṣì sẹ̀ǹtímítà 80 ni kí n rà ni, tàbí 90? Bí òjò bá ń rọ̀ ńkọ́? Bàbá kì í fẹ́ kí àwòrán máa já.

Oníṣẹ́ Díìṣì, Tákíé

90 ni kí ẹ rà, sà. Ìgbì tí sátẹ́láìtì yìí ń lò jẹ́ irú èyí tí òjò ńlá máa ń gbà mu. 80 á mú dáadáa ní ojúmọ́, ṣùgbọ́n 90 ń kó ìgbì púpọ̀ sí i, àwòrán yóò sì tètè padà bí òjò bá fúyẹ́. Kò sí díìṣì ilé tí òjò àfọ̀njá kò lè dá dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ ṣàlàyé èyí fún bàbá ṣáájú. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú bóòtì kankan nígbà tí òjò ń rọ̀, nítorí pé lẹ́yìn òjò, díìṣì tí kò ṣe nǹkan tẹ́lẹ̀ á ti kúrò lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí ibi tí ìlà kejì ti ga jù, tí ẹ sì ti fún gbogbo bóòtì le, ẹ mú ọ̀dà funfun, kí ẹ fa ìlà kan tó gba ara irin ẹ̀yìn díìṣì bọ́ sára òpó, kí ẹ tún fa òmíràn sí ibi tí gíga wà, àti ọ̀kan sí ara LNB àti ìdè rẹ̀. Ẹ ya àwòrán wọn sínú fóònù. Bí ìjì bá sún díìṣì náà láàárín ọ̀sẹ̀, ẹni tó ń bá yín ṣọ́ abà yóò kàn wo ìlà méjì tí kò pàdé mọ́, ẹ ó sì lè sọ fún un láti Ògbómọ̀ṣọ́ bí yóò ṣe dá wọn padà sí ojú kan náà.